Lọ́ọ̀kì Ọ̀bẹ Kíká: Yíyọ̀ Ló Ń Ṣeni Léṣe, Kì í Ṣe Kíkán

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀bẹ kíká ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀yà kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò: lọ́ọ̀kì tó ń dá abẹ dúró nígbà tí a bá ṣí ọ̀bẹ tán, tí kì í jẹ́ kó padà sínú èèkù títí a ó fi fọwọ́ ara wa tú u. Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti máa sọ iye kílò tí lọ́ọ̀kì lè gbé. Ìbéèrè yẹn dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Lọ́ọ̀kì tó kán kò wọ́pọ̀. Èyí tó yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ láìkán, tí ẹ tún lè ṣí padà kó sì dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é, òun ló ń gé èèyàn níka.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ tí a ó máa pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Abẹ ni irin olójú mímú náà. Ìdí abẹ ni apá tí kò mú, tó wọ inú èèkù. Ìṣó ìyípo ló gba inú ihò ìdí abẹ kọjá. Orí rẹ̀ ni abẹ ti ń yí. Ìṣó ìdádúró ni irin kékeré tí ìdí abẹ ń lọ kọlù nígbà tí ọ̀bẹ bá ṣí dé òpin. Làínà ni awẹ́ irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ igi tàbí ike tí wọ́n fi bo èèkù.

Nígbà tí ẹ bá ń gé nǹkan bó ṣe yẹ, lọ́ọ̀kì kò ru ẹrù kankan. Ohun tí ẹ ń gé ń ti ojú abẹ sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ ṣí i kọjá òpin, ìṣó ìdádúró ló sì ń gba gbogbo agbára yẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ tí kò ní lọ́ọ̀kì rárá, tó jẹ́ pé sípíríìngì ẹ̀yìn nìkan ló di abẹ mú, fi lè gé okùn, páálí àti èso fún ọdún gbọọrọ láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ìgbà tí agbára bá yí ìhà padà ni lọ́ọ̀kì ń wọṣẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ṣóńṣó abẹ bá gún nǹkan líle tí ọwọ́ ṣì ń ti èèkù lọ. Bí abẹ bá há sínú igi tí a wá ń mi èèkù sókè sódò kó lè yọ. Bí ẹ̀yìn abẹ bá kọlu nǹkan nígbà tí a ń fa ọwọ́ padà. Tàbí bí a bá ń fi ọ̀bẹ ṣí nǹkan tí a sì ń lọ́ ọ. Nínú gbogbo èyí, abẹ fẹ́ padà sínú èèkù, ìka mẹ́rin sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní agbára tó tó ìwọ̀n kílò 10 tẹ ẹ̀yìn abẹ níbi tó fi mìlímítà 100 jìnnà sí ìṣó ìyípo. Lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ sún mọ́ ìṣó ìyípo gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi ibi tó ti kan ìdí abẹ sí mìlímítà 8 sí àárín ìṣó. 10 lọ́nà 100 jẹ́ 1,000. Ẹ pín in sí 8, ẹ ó rí 125. Kílò 10 tó wà níta ti di kílò 125 lórí etí irin tí fífẹ̀ rẹ̀ lè má ju mìlímítà 1.5 lọ. Èyí fi hàn pé abẹ tó gùn ń ni lọ́ọ̀kì lára ju èyí tó kúrú lọ, bí lọ́ọ̀kì méjèèjì bá tiẹ̀ jọra pátápátá. Ó tún fi hàn pé àṣìṣe kékeré níbi tí irin ti kan irin, ìdajì mìlímítà péré, lè yí ibi tí kílò 125 yẹn forí lé padà. Irin tó dára kì í sábà kán lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó lè gbà yọ̀ ló máa ń wá.

Lọ́ọ̀kì làínà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ Cattaraugus ní Amẹ́ríkà ti lò ó láti bí ọdún 1906. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lónìí, Michael Walker, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ọ̀bẹ ní Amẹ́ríkà, ló tún un gbé kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n á la apá kan làínà, wọ́n á sì tẹ ewé irin tí wọ́n là náà wọnú díẹ̀ kó lè ṣe iṣẹ́ sípíríìngì. Bọ́ọ̀lù irin tíńtín kan wà lára ewé náà tó ń bọ́ sínú ihò kékeré lára ìdí abẹ nígbà tí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, kó má baà ṣí nínú àpò. Nígbà tí abẹ bá ṣí tán, ewé irin á fò bọ́ sẹ́yìn ìdí abẹ. Abẹ wá há sí àárín ìṣó ìdádúró níwájú àti orí ewé irin lẹ́yìn.

Ibi tí ewé irin ti kan ìdí abẹ kò gún régé. Wọ́n gé e dagun, dígírì 7 sí 9 ló wọ́pọ̀, kí ewé náà lè máa wọlé sí i díẹ̀díẹ̀ bí irin méjèèjì bá ṣe ń jẹra. Igi tí wọ́n tì sábẹ́ ilẹ̀kùn ló jọ: bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì í ló ń há sí i, bí ilẹ̀ kò bá ti yọ̀. Bí agbára bá fẹ́ pa abẹ dé, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ tààrà sínú gígùn ewé irin, ṣùgbọ́n nítorí igun yẹn, díẹ̀ ń ti ewé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, padà síbi tó ti wá. Ohun tó ń dènà ti ẹ̀gbẹ́ yìí kì í ṣe sípíríìngì, nítorí agbára sípíríìngì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílò 125. Fríkṣọ̀n ni, ìyẹn bí irin méjì tó fara kanra ṣe ń dira wọn mú.

Fríkṣọ̀n ní ìwọ̀n, ìwọ̀n yẹn ló sì ń sọ igun tó lè dì mú. Bó bá jẹ́ 0.2, ó lè di igun dígírì 11 mú. Dígírì 8 wà láìséwu. Bí epo bá débẹ̀ tí ìwọ̀n náà já sí 0.1, igun tó lè dì mú kò tó dígírì 6 mọ́. Igun 8 tó dúró bí òkè lánàá yóò yọ̀ lónìí. Ọ̀bẹ kan náà ni, kò sí ẹ̀yà tó bàjẹ́, ẹni tó ni ín sì rò pé ìtọ́jú lòun ṣe. Ọ̀rá ẹran ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa gbà pé lọ́ọ̀kì làínà tó ń yọ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde níléeṣẹ́, igun rẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò gé igun náà sí dígírì 3 kó dá wa lójú. Bí igun bá kéré jù, ewé irin á há mọ́ ìdí abẹ débi pé àtàǹpàkò kò ní lè tì í kúrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, igun kékeré kò fi àyè sílẹ̀ fún jíjẹ irin: bí irin bá jẹ díẹ̀, ewé náà ní láti rìn jìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tún há, ó sì lè dé òpin fífẹ̀ ìdí abẹ láìpẹ́. Gbogbo oníṣẹ́ ọ̀bẹ ló ń wá àárín méjì yìí. Àwọn kan kì í tiẹ̀ gé ojú yẹn ní títẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n á rọ ọ́ díẹ̀ kí ibi ìfarakanra lè dúró sí apá ìsàlẹ̀ ewé irin, níbi tó jìnnà sí ìṣó ìyípo díẹ̀ sí i. Mìlímítà kan tí wọ́n bá rí níbẹ̀, èrè ńlá ni. Ẹ tún ìṣirò àtẹ̀yìnwá ṣe pẹ̀lú mìlímítà 9 dípò 8: kílò 125 á di bíi 111.

Ẹ wo ibi tí ewé irin dúró sí lẹ́yìn ìdí abẹ. Bí ìdá mẹ́ta sí ìdajì fífẹ̀ ìdí abẹ bá wà lórí ewé náà nígbà tí ọ̀bẹ ṣì jẹ́ tuntun, ó dára. Bó bá jẹ́ pé etí rẹ̀ lásán ló kàn án, ọ̀bẹ náà lè dúró bó bá rọra ṣí, kó má sì dúró bí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n. Bó bá ti kọjá lọ kan làínà kejì, kò sí àyè tó kù fún un mọ́. Láti ìgbà yẹn lọ, abẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì sókè sódò. Ìwọ̀nyí kì í ṣe òfin líle. A ti rí ewé irin tó wọlé dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tó sì dúró gbọn-in, nítorí igun rẹ̀ tọ́ tí ojú rẹ̀ sì tẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni bóyá ó ń rìn: bó bá ti wà ní ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó sì ti dé òpin kí ọdún tó parí, irin ń jẹ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn tó ń fi tàìtéńíọ̀mù, irin fúyẹ́ kan, ṣe làínà mọ ìṣòro yìí dáadáa. Lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Rockwell C, abẹ tó dára máa ń wà láàárín 58 sí 62. Tàìtéńíọ̀mù tí wọ́n sábà ń lò wà ní nǹkan bíi 36. Èyí tó rọ̀ á máa fara gbá, á sì tún máa lẹ̀ mọ́ irin, èyí tí àwọn oníbàárà ń pè ní lọ́ọ̀kì tó ń há. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wò ó kò ju díẹ̀ lọ: wọ́n lè fi iná mànàmáná lẹ kábáìdì, ohun kan tó le gan-an, ní tín-ínrín mọ́ orí ewé náà, wọ́n lè fi síkúrù de èékán irin líle mọ́ orí rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù séràmíìkì sí i. Àwọn kan ń fi pẹ́ńsù tàbí bírò aláwọ̀ tí kì í parẹ́ kun ìdí abẹ kí lọ́ọ̀kì má baà há mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fríkṣọ̀n tí ẹ ń dín kù yẹn náà ló di abẹ mú; ẹ fi í sí i díẹ̀, kí ẹ sì dán lọ́ọ̀kì wò lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù nípa lọ́ọ̀kì làínà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Wọ́n gé èèkù láyè kí àtàǹpàkò lè ráyè ti ewé irin. Bí ẹ bá fún ọ̀bẹ mọ́ ọwọ́ gírígírí tí ẹ sì ń lọ́ ọ, ẹran ìka lè wọ àyè yẹn kó sì ti ewé náà jáde. Èèkù oníke tí kò nípọn tún máa ń lọ́ pẹ̀lú ọwọ́, ewé irin á sì bá a lọ. Ron Lake àti Michael Walker ṣe ọ̀pá kékeré kan tó ń wọ ẹ̀yìn ewé irin kó má lè padà. LAWKS ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lára ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ CRKT mélòó kan. Ìrànwọ́ gidi ni fún ẹni tó bá rántí tì í. Ẹni tí kò bá rántí, ọ̀bẹ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò ní i.

Lọ́ọ̀kì ara èèkù, tí Chris Reeve fi sí ọ̀bẹ Sebenza, kò yàtọ̀ sí ti làínà nínú ọgbọ́n rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé apá kan èèkù fúnra rẹ̀, tó nípọn tó mìlímítà 3 tàbí 4, ni wọ́n là ṣe ewé irin. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe ti ìnípọn nìkan. Nígbà tí ẹ bá fún ọ̀bẹ mọ́ ọwọ́, ìka yín ń ti ewé náà wọlé ni, kì í tì í jáde. Ohun tó ń ba ti làínà jẹ́ ni òun fi ń gbára. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ewé náà fẹ́lẹ́ kó lè tẹ̀ ni àìlera rẹ̀ wà. Bí ẹnìkan bá tì í jáde ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó ń pa ọ̀bẹ dé, á sọ agbára sípíríìngì rẹ̀ nù. Rick Hinderer ló fi irin róbótó kan sí i láti dá a dúró kó má baà kọjá ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wá sí lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, èyí tí ọ̀bẹ Buck 110 sọ di gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1960. Ọ̀pá kan wà lẹ́yìn èèkù tó ń jì lórí píìnì ní àárín rẹ̀, sípíríìngì ń gbé ìdí rẹ̀ sókè, eyín tó wà lórí rẹ̀ á sì bọ́ sínú kòtò lára ìdí abẹ. Bí wọ́n bá gé eyín àti kòtò yìí dáadáa, ó lágbára gan-an. Ọ̀tá rẹ̀ ni ìdọ̀tí: fọ́nrán aṣọ láti inú àpò, iyanrìn, oje èso tó gbẹ. Bí wọ́n bá kún ìsàlẹ̀ kòtò, eyín kò ní wọlé tán, ọ̀bẹ á sì dún "kẹ̀" bí èyí tó tì nígbà tó jẹ́ pé ìdajì eyín ló dì í mú. Ẹ fi ojú wò ó, ẹ má fi etí nìkan gbọ́ ọ: ẹ̀yìn ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn èèkù dọ́gba. Àìlera kejì ni pé ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ lè tẹ ọ̀pá yẹn láìmọ̀ nígbà tí ẹ bá di ọ̀bẹ mú gan-an. David Boye ló wá ọgbọ́n sí i: ó gbẹ́ ibi tí a ń tẹ̀ wọnú díẹ̀ kí ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ má baà kàn án. Ẹ ó rí gbígbẹ́ yẹn lára ọ̀bẹ Spyderco mélòó kan.

Ti Andrew Demko, tí ilé-iṣẹ́ Cold Steel ń lò lórúkọ Tri-Ad, lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni, ṣùgbọ́n ó fi ìṣó ìdádúró kan sí àárín ìdí abẹ àti orí ọ̀pá. Agbára tó ń bọ̀ láti ojú abẹ lọ sínú ìṣó yẹn, láti ibẹ̀ sí èèkù, kò gba ara píìnì ọ̀pá kọjá. Ihò píìnì ọ̀pá náà fẹ̀ díẹ̀ ní gígùn kí ọ̀pá lè máa sún bí irin bá ṣe ń jẹ. Tó bá jẹ́ agbára lásán la ń sọ, kò sí lọ́ọ̀kì tí à ń tà káàkiri tí a lè fi ṣáájú rẹ̀. Owó tí ẹ san fún un ni pé ó le láti tẹ̀, pàápàá nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

Ilé-iṣẹ́ Benchmade ló gbé lọ́ọ̀kì ọ̀pá ìdábùú jáde ní 1998 lórúkọ Axis. Bill McHenry àti Jason Williams ló ronú rẹ̀. Ọ̀pá irin kékeré kan dábùú láti làínà kan sí èkejì, sípíríìngì méjì ń tì í síwájú, ìdí abẹ sì ń há sí àárín rẹ̀ àti ìṣó ìdádúró. Ìka kò sí lójú ọ̀nà nígbà tí a bá ń pa á dé, ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ló lè lò ó, ìdọ̀tí díẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Sípíríìngì rẹ̀ tó rí bíi lẹ́tà Omega (Ω) ni ibi tí ó ti ń kán, nítorí ó tín-ínrín bí okùn gìtá. Bí ọ̀kan bá kán, èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá á máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ẹ máa ti ọ̀pá náà lápá òsì nìkan, kí ẹ tún tì í lápá ọ̀tún nìkan: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, ẹ pààrọ̀ sípíríìngì méjèèjì.

Àwọn yòókù, a ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ewé irin lọ́ọ̀kì Compression ti Spyderco wà lápá ẹ̀yìn èèkù, ó ń wọ àárín ìdí abẹ àti ìṣó ìdádúró, nítorí náà agbára ń fún un pọ̀ ni, kì í tẹ̀ ẹ́. Ìka tó di èèkù mú kò sì sún mọ́ ọn. Lọ́ọ̀kì oníbọ́tìnnì rọrùn láti lò, àmọ́ ẹ wo ibi tí bọ́tìnnì wà: bí àtàǹpàkò yín bá sábà máa ń sinmi lé e nígbà tí ẹ bá ń gé nǹkan, ọ̀bẹ yẹn kì í ṣe tiyín. Òrùka tí Marcel Opinel fi sí ọ̀bẹ Opinel ní 1955 ni ó rọrùn jù nínú gbogbo wọn. Irin róbótó ni, ẹ ó yí i kó dí ẹnu ihò tí abẹ ń gbà padà. Kò sí igun, kò sí sípíríìngì tó lè kán. Àmọ́ kì í ti ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá yí i kò ní lọ́ọ̀kì. Bí òrùka bá ti rọ̀ jù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ẹ̀mú fún un díẹ̀.

Àwa kì í wo lọ́ọ̀kì nìkan. A máa ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí lọ́ọ̀kì bá yọ̀. Ẹ ṣí ọ̀bẹ, kí ẹ di í mú bí ẹ ṣe ń lò ó, kí ẹ sì wo apá wo lára abẹ tó máa kọ́kọ́ kan ìka ìfábẹ̀là bó bá ń pa dé. Nínú ọ̀bẹ tí wọ́n gé àyè ìka sí ní ìdí abẹ, tàbí èyí tí ó ní ìwo kékeré tí a fi ń tì í ṣí, apá tí kò mú ló máa gbá ìka, ó sì máa dá abẹ dúró níbẹ̀. Yóò dun yín, ṣùgbọ́n kò ní gé yín. Nínú èyí tí ojú mímú bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu èèkù gan-an, kò sí ohun tó wà láàárín. Láàárín ọ̀bẹ méjì tí lọ́ọ̀kì wọn dọ́gba, èyí tó ní àyè ìka ni kí ẹ mú.

Báwo la ṣe ń dán lọ́ọ̀kì wò? Ẹ kọ́kọ́ fi sípíríìtì nu ojú ìfarakanra méjèèjì kó gbẹ. Ẹ fi bírò aláwọ̀ kun ojú ìdí abẹ, kí ẹ ṣí ọ̀bẹ kí ẹ sì pa á dé nígbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ibi tí àwọ̀ ti parẹ́. Bó bá jẹ́ ojú tó fẹ̀ ló parẹ́, ó dára. Bó bá jẹ́ ìlà tín-ínrín létí, tàbí igun kan ṣoṣo, ojú méjèèjì kò bára mu. Ẹ nu àwọ̀ yẹn kúrò, ẹ fi téèpù tó nípọn bo ojú abẹ, kí ẹ wá ṣí ọ̀bẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn kan máa ń jù ú ṣí, ìyẹn sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ nítorí agbára ọwọ́ ló ń ti lọ́ọ̀kì wọlé. Ọ̀bẹ tó dára gbọ́dọ̀ tì bí ẹ bá tiẹ̀ rọra ṣí i. Ẹ wá fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ àti àtàǹpàkò di ẹ̀gbẹ́ èèkù mú, kí ìka kankan má ṣe sí lójú ọ̀nà abẹ. Ẹ gbé ẹ̀yìn abẹ lé etí tábìlì tí ẹ ti tẹ́ aṣọ sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí dé bíi kílò 5, kí ojú yín wà lára ewé irin. Bó bá ń sún, bí ó ti wù kó kéré mọ, ẹ dúró níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbá ẹ̀yìn abẹ mọ́ igi pẹ̀lú agbára. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé gbígbá máa ń fi lọ́ọ̀kì tí igun rẹ̀ kò tọ́ hàn kíákíá, nítorí gbígbọ̀n máa ń já fríkṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣe é léraléra, ẹ ó tẹ ojú lọ́ọ̀kì tó dára bàjẹ́, ẹ ó sì ti fọwọ́ ara yín dá àìsàn tí ẹ ń wá sílẹ̀. Gbígbá fẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan lórí rọ́bà tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ kílò gan-an, kó fi fáìsì di èèkù mú, kí ojú abẹ tí a ti fi téèpù bò kọjú sílẹ̀, kó gbé okùn lé ẹ̀yìn abẹ, kó sì máa so ẹrù mọ́ ọn ní kílò kan kan. Ojú gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀, nítorí bó bá kọjú sókè, ìṣó ìdádúró lẹ ń dán wò, kì í ṣe lọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ìdánwò yìí ló ń ṣì í ṣe níbẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ̀kán epo kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìṣó ìyípo ti tó, àti díẹ̀ bíńtín lórí bọ́ọ̀lù irin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe fi epo sí ojú lọ́ọ̀kì làínà tàbí ti ara èèkù rárá. Bó bá ṣàn débẹ̀, ẹ nù ún kúrò. Ti ọ̀pá ìdábùú lè gba epo díẹ̀. Ti lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, igi ìtayín ni kí ẹ fi tú ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo síkúrù ìṣó ìyípo. Bó bá rọ̀, abẹ á dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, igun ewé irin kan ṣoṣo lá sì máa ru gbogbo ẹrù. Bó bá le jù, abẹ á máa wọ́, kò ní fi agbára dé ìṣó ìdádúró, ewé irin kò sì ní wọlé tó. Ẹ yí i ní ìdá mẹ́jọ ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mi abẹ sọ́tùn-ún sósì, títí mímì yẹn á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ dópin. Bó bá ń tú fúnra rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù kan ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má lo aláwọ̀ pupa. Iná nìkan ló ń tú u.

Bí abẹ bá ń mì sókè sódò nígbà tí síkúrù ti le, tí ewé irin sì ti kan làínà kejì, ìṣó ìdádúró tó fi ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan tàbí méjì nípọn ju ti àtijọ́ lọ lè mú un padà sí àárín. Oníṣẹ́ ọ̀bẹ ló yẹ kó ṣe é, nítorí ó ń yí ibi tí abẹ ń dúró sí nígbà tó bá pa dé pẹ̀lú, ṣóńṣó abẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láti inú èèkù. Bó bá jẹ́ eyín lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ti rọ di róbótó, kò sí ìṣó tó lè wò ó. Ọ̀pá gan-an ni wọ́n máa pààrọ̀. Ibi tí kò bá ti sí ọ̀pá tó bá a mu, ẹ yọ abẹ kúrò nínú èèkù kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà rí i he kó sì rò pé ó ṣì ń tì.